Ihò Tí Mo Gbẹ́ fún Àbúrò Mi

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó jẹun àárọ̀, kò sì dá títí a fi parí. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí mo fọ̀ lánàá ṣì wà lórí okùn, tútù ni. Kí ó máa tutù níbẹ̀. Òní kì í ṣe ọjọ́ aṣọ.

Mo kó áyọ́ọ̀nù kúrò lórí tábìlì ńlá, mo tẹ́ bébà sí i, àwọn mẹ́rin sì jókòó yí i ká: Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi, Tíṣà, Wẹ́dà, àti àbúrò mi. A wọ ihò náà lónìí: ihò eré ni, orí bébà ló wà, kálukú sì ní akọni tirẹ̀ nínú rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi yà á, ìpele lábẹ́ ìpele, iyàrá lẹ́yìn iyàrá, mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ ni àbúrò mi ti wà nínú iyàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." "Ẹ ṣeun, Àǹtí." "Ó dàárọ̀, Àǹtí." Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, àmọ́ tèmi yìí, mo mọ̀ pé inú ń run ún.

Lónìí, nígbà tí mo ní ilẹ̀ iyàrá kejì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ó gbójú sókè. Ó ní, "Akọni mi máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dúró sẹ́yìn mi." Odindi gbólóhùn méjì! Wẹ́dà kò dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ju dáìsì, ó bọ́ sí ení, akọni rẹ̀ já sínú ọ̀fìn gbì, àbúrò mi sì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omi lójú mi.

Nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo máa ń ya ihò sí fún un, á sì máa fi ìka rìn ín títí oorun á fi gbé e lọ. Eléyìí jìn ju gbogbo wọn lọ. Tí mo bá ṣe é dáadáa, á gbé wa dé òpin òjò, àbúrò mi á sì máa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní eré ọmọdé ni, kó wá bá mi wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Oníbàárà kan tó wá gba kóòtù rẹ̀ rí bébà ihò náà. Wẹ́dà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń tún ẹsẹ̀ tábìlì náà ṣe fún mi, ni ọkùnrin náà bá bi í bóyá àwòrán ilé tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Wẹ́dà ní, "Rárá o, ọ̀gá. Àlọ́ ni, àmọ́ àwa la wà nínú ẹ̀. Àǹtí á sọ ohun tá a rí, àwa á sọ ohun tá a ṣe, dáìsì á dájọ́."

"Kí lẹ wá ń jẹ níbẹ̀?"

"Ìyà ni, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà gbé kóòtù rẹ̀ lọ láì dúpẹ́ lórí ọrùn kóòtù náà tí mo fi gbogbo òwúrọ̀ lọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ó dùn! Ó dùn gan-an ni. Egungun òkú jáde lára ògiri, wọ́n dìde, wọ́n gbé idà. Nọ́ọ̀sì ju dáìsì olójú ogún, ó bọ́ sí ogún gan-an, ó dìde lórí àga, ó pariwo débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Àbúrò mi ló rí ọ̀nà tí wọ́n fi pákó bò. Òun nìkan ló rí i.

Nígbà tó yá, Wẹ́dà rí àpótí fàdákà kan, ó sì ṣí i láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ olóró ló wà níbẹ̀. Akọni rẹ̀ kú kí ó tó pa àpótí náà dé. Ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ akọni mìíràn, ó ń kùn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí abẹ́rẹ́ yẹn. Ihò tí kò lè pani, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde." Mo ní kí wọ́n gbìyànjú.

Àbúrò mi bá mi kó àga. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò ṣeé fọkàn tán o, Àǹtí." Àwàdà ló ń ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti bá mi ṣàwàdà gbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Òtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ pé aṣọ ibùsùn àwọn ń rùn. Ṣé èmi ni mo ní kí oòrùn má ràn? Ọṣẹ tún ti gbówó lórí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo jẹ gbogbo ọ̀sán wa run.

Kò sí nǹkan kan lára ilẹ̀kùn náà. Nínú bébà mi, "iyàrá òfìfo" ni mo kọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹnu mi ò gbọ́ràn, mo ní ọwọ́ ilẹ̀kùn náà tutù. Ihò ni, irin ni, kí ló yẹ kó ṣe bí kò bá tutù? Tíṣà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ó tutù?" Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù ihò tó ń yà bí a ṣe ń lọ. Wọ́n fetí lé ilẹ̀kùn. Wọ́n da omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fà á láti iyàrá kejì, Nọ́ọ̀sì ní okùn náà kò gùn tó, wọ́n padà wá tú u. Wọ́n jiyàn lórí ẹni tí yóò fà á. Òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí i, jàre."

Tíṣà ní, "O ti gbàgbé àpótí fàdákà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáìsì kiri lórí tábìlì.

Ó ń jẹ mí lẹ́nu láti sọ fún wọn. Àmọ́ adarí eré kì í tú àṣírí ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí la wá jókòó ṣe? Nígbà tí wọ́n fà á ṣí tán, tí wọ́n rí ògiri mẹ́rin, Wẹ́dà ní ó dájú pé ohun tó burú gan-an ló wà níbẹ̀ tí ojú àwọn kò tíì rí. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Èmi náà ni mo sì sin ejò yẹn.

Àbúrò mi wọ iyàrá rẹ̀ lọ kí a tó palẹ̀ mọ́. Kò bá mi kó àga.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì kó yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, ó sì kó ọ̀rọ̀ wá mọ́ ọn.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi o. Ilẹ̀kùn, iyàrá. Ilẹ̀kùn, iyàrá. Mo ti ń rí ìyẹn ní wọ́ọ̀dù látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn o fò lórí àga."

"Ó dùn nígbà yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni téèyàn lè bá sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Ohunkóhun tó bá yọjú, pípa la máa pa á. Tá ò bá pa á, òun á pa wá. Ṣé bá a ó ṣe máa ṣe é nìyẹn títí òjò á fi tán?"

Mo ní ẹni tí kò mọ ihò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo bi í bóyá àbúrò mi ló sọ nǹkan fún un. Ó wò mí. "Àbúrò tìẹ? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo fi sítáàṣì sí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ débi pé ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Kí ó máa họ ọ́ lọ́rùn.

Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Wọ́n ní kò sẹ́ni tí àwọn lè bá sọ̀rọ̀. Ó dáa. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí mo ṣe ń lọ aṣọ ni mò ń ronú, mo sì dá arúgbó obìnrin kan. Mo fún un ní ọkọ, mo fún un ní iṣẹ́ aṣọ híhun, mo fún un ní ìdí tó fi fúnra rẹ̀ wọ ihò yẹn tí kò sì jáde mọ́. Mo dè é mọ́ ògiri ìpele kẹta. Àbúrò mi ni mo ń rò nígbà tí mò ń ṣe é. Mo ní tí ó bá bá arúgbó yìí sọ̀rọ̀, bóyá yóò bá èmi náà sọ̀rọ̀.

Wọ́n rí i. Ó gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi..."

Tíṣà ní, "Ẹ dúró. Báwo ni arúgbó á ṣe wà láàyè níbí láìjẹ láìmu? Ẹ̀tàn ni."

Wẹ́dà ní, "Mo ta á lọ́fà láti òkèèrè."

Ó ju dáìsì, ó bọ́ sí mọ́kàndínlógún. Mo wo dáìsì yẹn bí ẹní ń wo ọ̀tá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mi nìyẹn, ó kú kí ó tó parí gbólóhùn kan.

Àbúrò mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó rọra ní, "Àǹtí, ta ni? Kí ló fẹ́ sọ fún wa?"

Inú ti bí mi dé góńgó. Mo ní, "Ó ti kú."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ká ní kò kú ńkọ́?"

"Òkú kì í sọ̀rọ̀. Iyàrá tó kàn."

Ó wò mí díẹ̀, ó tẹrí ba. Látìgbà yẹn, bí wọ́n bá ní kí ó ju dáìsì, á jù ú. Kò dá ọ̀rọ̀ kankan sọ mọ́.

Mi ò ní kọ ohun tí arúgbó náà fẹ́ sọ síbí. Kò tọ́ sí wọn.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Àbúrò mi ní orí ń fọ́ òun, kò jáde. Mo ní kí Wẹ́dà máa bá a mú akọni rẹ̀. Wẹ́dà bá fi akọni náà ṣíwájú, gbogbo ibi tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n ni wọ́n ń tì í sí kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. "Kò sí nílé, kò lè bínú!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Pákó lásán ló wà láàárín wa àti iyàrá tí àbúrò mi wà. Mo ní kí wọ́n rọra, wọn ò gbọ́, èmi náà ò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó jáde lọ gé irun rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló wọ bàtà, kò sẹ́ni tó rán an. Ó pẹ́ kó tó dé, mo ti yọjú sójú ọ̀nà títí ọrùn fi dùn mí. Onígbàjámọ̀ ìkángun òpópónà ló gé e, ó sì gé e dáadáa. Mo bi í ohun tí wọ́n sọ. "A kàn ń sọ̀rọ̀ ni, Àǹtí." Oòrùn ràn lónìí, aṣọ mi gbẹ.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó wá sídìí tábìlì lónìí, pẹ̀lú irun tuntun. Mo ti tún ìpele kẹrin ṣe nítorí rẹ̀, mo yọ ọ̀fìn méjì kúrò. Wọn ò mọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ kiri síbẹ̀síbẹ̀.

Nígbà tó kàn án, ó ní, "Akọni mi yíjú padà. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè."

Mo ní, "Láti lọ mú kí ni?"

"Kò lọ mú nǹkan kan. Ó jáde ni. Ó fẹ́ lọ sílùú tó wà lókè, kó jókòó, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Kò sí ìlú lókè."

"Ibo la wá ti wá?"

Mo wo bébà mi, bí ẹni pé ó lè wà níbẹ̀. Mo ní, "Mi ò ṣe ìlú kankan. Ihò nìkan ni mo ṣe."

Ó mi orí, ó to dáìsì rẹ̀ jọ, ó tì wọ́n sọ́dọ̀ mi. Kò bínú. Ì bá bínú, ǹ bá mọ ohun tí mo lè bá a sọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó sì wọlé lọ.

Tíṣà bi mí bóyá kí òun yọ ọ́ kúrò lórí máàpù. Mo ní kí ó bi ìyá rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo rò pé àbúrò mi ń sùn ni. Tíṣà ló sọ fún mi pé òun rí i bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ náà ní tábìlì tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, eré kan náà, dáìsì kan náà. Àmọ́ kò sí ihò níbẹ̀. Ìlú ni. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń jà, wọ́n ń làjà, wọ́n ń gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Tíṣà ní ẹjọ́ ewúrẹ́ kan ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe.

Mo ní, "Ẹjọ́ ewúrẹ́! Ṣé eré nìyẹn?"

Tíṣà ní, "Wọ́n láwọn fẹ́ràn ẹ̀."

Àjùmọ̀bí ò kan tàánú. Odidi ọdún kan ni mo fi gbẹ́lẹ̀ fún ọmọ yìí, ewúrẹ́ ló wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wẹ́dà àti Tíṣà nìkan ló wá. Nọ́ọ̀sì ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́. Èmi tí mò ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣé mi ò mọ ọjọ́ tó ń wọ̀ ọ́ ni?

A ò ṣeré púpọ̀. Mo bi wọ́n ní tààràtà bóyá ihò ti sú wọn. Wẹ́dà ní, "Kò tíì sú èmi o. Ẹ ṣáà máa fún mi ní nǹkan tí mo máa lù." Tíṣà ní òun kò tíì ya máàpù tó dára tó báyìí rí láyé òun, ó sì dun òun pé kò ní parí. "Kò ní parí." Báyìí ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo tẹ́ gbogbo ìpele náà sílẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi ìka rìn ín fúnra mi. Ó dùn mọ́ mi. Kí n má purọ́ fún bébà: gbogbo igun rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Àmọ́ èmi ni mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù ń dúró síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ̀rù mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìbẹ̀rù yẹn dùn mọ́ wọn bí oyin. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iṣẹ́ ló dà, iṣẹ́ tí kò lówó oṣù. Ó dùn mí pé Nọ́ọ̀sì ló tọ́.

Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ

Afẹ́fẹ́ tutù, mo sì rí súwẹ́tà rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo gbé e, mo lọ sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àwọn àga tó ń yí, tábìlì kékeré wà láàárín wọn, nínú dígí ni mo ti kọ́kọ́ rí ojú àbúrò mi. Ó fi aṣọ ìgérun wé orí. Obìnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú ló ń ṣe, àwọn yòókù ni arìnrìn-àjò tó fẹ́ wọlé.

"Níbo lo ti ń bọ̀?" Ohùn rẹ̀ ga, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ta lo bá lọ? Ṣé o ti jẹun? Má purọ́ fún mi, mo ti wo ìkòkò! Wọlé, ti ilẹ̀kùn, kó o jókòó síbi tí mo ti lè máa rí ẹ."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Onígbàjámọ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo dá ohùn náà mọ̀ kí n tó dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Èmi ni.

Onígbàjámọ̀ rí mi. "Ẹ wọlé, Àǹtí, ẹ wá jókòó! Ẹ ò gbọ́ obìnrin yìí? Òun la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìlú yìí. Tí kò bá sí ní ẹnubodè, eré ò lè bẹ̀rẹ̀."

Àbúrò mi yí àga rẹ̀ padà. Aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín ojú rẹ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí i bó ṣe ń lọ. Kí n má baà jẹ́ kí ó tán pátápátá, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa, ju gbogbo wọn lọ. Mo ní, "Obìnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe." Mo gbé súwẹ́tà sórí àga tó ṣófo, mo ní iṣẹ́ wà nílé.

Kò sí iṣẹ́ nílé. Àìkú ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ó jókòó sí ìdí tábìlì mi nígbà tí mò ń lọ aṣọ, ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gan-an. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ sí ilé ìtàwé, ó ní òun ti rí iyàrá kan lẹ́yìn ilé onígbàjámọ̀, ó ní fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. Ó ní òun kò fi obìnrin ẹnubodè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni, pé wọ́n kàn ní kí òun ṣe ẹnì kan tí òun mọ̀ dáadáa. Mo ní, "Mo mọ̀." Ó ní kí n wá bá wọn ṣeré ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo ní mo ti gbọ́.

Ohun tí mo gbàdúrà fún nìyí: kí ó máa sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ń jáde lọ.

Mo lọ gbogbo aṣọ rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ó wá kó àpótí tó kù. Ó ti rù díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àpótí lé èjìká, ó kí mi, mo kí i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi í ti dé ètè mi, mo gbé e mì, mo tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ.

Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí kí n bi òun bóyá òun ti jẹun. Mi ò bi í. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó sì lọ.